Ikọ́ Tí A Kò Gbọ́ Mọ́ Lórí Wáyà

Ife méjì ló wà lórí tábìlì Alvah Stroud ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè yẹn. Ọ̀kan dúró níwájú àga tí a ti gbé òkú rẹ̀ kúrò. Eruku ti kún inú rẹ̀, kọfí tó kù níbẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀. Èkejì wà ní òdìkejì tábìlì, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé.

"Emmett," ni Màmá Prewitt wí, "ta ló fọwọ́ kan ife yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, mà. Àwa kàn gbé òkú ni, a sì tilẹ̀kùn."

"Ó dá ọ lójú?"

"Mà, ife lásán ni. Ilé wo ni wọn kì í ti í dojú abọ́ dé nílùú yìí? Bí èèyàn ò bá dojú abọ́ dé, ṣé kó máa wá fi eruku jẹun ni?"

Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo wà ní kíláàsì rẹ̀, kí wọ́n tó ti ilé ìwé wa pa torí pé kò sówó oṣù fún olùkọ́. Láti ìgbà náà ló ti wà nídìí pátákó tẹlifóònù ìlú Tolliver, tó ń so wáyà ilé kan mọ́ ti èkejì. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín wa tí kì í gba etí rẹ̀ kọjá. Bí ọ̀ràn kan bá ta kókó, Dunning, ọ̀gá ọlọ́pàá wa, á kọ́kọ́ bú u pé aláyọjúràn obìnrin ni, lẹ́yìn náà á rán mi lọ pè é. Ó ti tó ìgbà mẹ́rin tí ó ti rán mi báyẹn.

Ó gbé ife náà sókè díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rọ́bà orí tábìlì ló pupa fún eruku, àfi ibi tí ife jókòó lé. Ibẹ̀ mọ́ kedere. Òrùka kọfí kan sì ti gbẹ mọ́ ọn.

"Ẹnìkan mu kọfí nínú èyí," ló wí. "Ó mu ún tán, ó dojú rẹ̀ dé, ìyẹn kí ìjì tó dé. Àlejò ni, Alvah fúnra rẹ̀ ló sì gbé kọfí fún un. Ọkùnrin tó o tì mọ́lé yẹn, ìgbà wo ló dé ìlú yìí?"

Inú mi kò dùn sí ìbéèrè náà rárá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo mú Jozef Pavlik. Ní ọjọ́ Sunday, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ìjì dúdú yọ láti àríwá, ó ga bí òkè, àwọn ẹyẹ sì ń sá níwájú rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni èèyàn kò fi rí ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó rọ̀ díẹ̀, mo jáde lọ wo ojú irin, mo sì pàdé ọkùnrin kan tó gbá búrẹ́dì kan àti ìgò èso píìṣì kan mọ́ àyà. Orúkọ ìyá Alvah tó ti kú wà lára ìgò náà. Mo bá a padà lọ sílé Alvah, a sì bá Alvah lórí àga, orí rẹ̀ ti fọ́ lẹ́yìn, eruku bò ó láti òkè délẹ̀. Ṣé èèyàn tún ń wá ẹlẹ́rìí kiri lórí irú èyí? Mo fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, inú mi sì dùn sí ara mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní báyìí, ogójì ọkùnrin ló dúró níwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀kan lára wọn mú okùn màlúù dání. Reluwé tó máa gbé Pavlik lọ sí ẹ̀wọ̀n olú ìlú ẹkùn wa kò ní í dé títí di aago mẹ́rin, kò sì sí ẹni tó gbà pé ó máa bá a láàyè.

*

"Jẹun, ọmọ mi," ni Màmá Prewitt wí.

Ó gbé ẹ̀wà àti kọfí wá fún Pavlik nínú àtìmọ́lé láti inú ilé ara rẹ̀. Pavlik jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé. Awakùsà ni láti Pennsylvania, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún èédú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì ti kọjá tí wọ́n ti ti kòtò ìwakùsà tó ti ń ṣiṣẹ́ pa. Orí ọkọ̀ reluwé tó ń kó ẹrù ló ń fò lé kiri, ó ń wá iṣẹ́ oko.

"Kí lo ṣe nínú ilé yẹn?"

"Mo jalè, mà. Kí n má purọ́ fún yín. Ebi ọjọ́ mẹ́ta ni. Ìjì ti ń rọ̀ nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀. Mo kanlẹ̀kùn, mo kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ni mo bá wọlé."

"O rí i?"

"Mo rí i. Mo rò pé ère ni." Ó gbé ẹ̀wà mì. "Ìgbà tí mo dé iwájú rẹ̀ ni mo rí i pé ère kì í ní irun. Mo ki búrẹ́dì mọ́lẹ̀, mo ki ìgò, mo sá."

"O ò mu kọfí?"

"Pẹ̀lú òkú nídìí tábìlì? Ẹ̀yin náà, mà!"

Ọ̀gá Dunning rẹ́rìn-ín kíkorò láti ẹnu ọ̀nà. "Òun ni kí o máa gbà gbọ́, Cordelia Prewitt. Àwọn èèyàn ìta yẹn kò ní àkókò ìtàn o. Wọ́n ti ń béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

"Ṣé o máa fún wọn ni?"

Dunning sorí kọ́. Ó kàn ń wo bàtà rẹ̀. Ìdìbò ku oṣù díẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń rò, ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Pavlik jẹun tán, ó gbé ife sílẹ̀ bó ṣe wà, ó gbé abọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá Prewitt jókòó, ó ń wo ife náà bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Kò pẹ́ tí eruku àjà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú rẹ̀.

Nígbà náà ló bu kọfí tó kù fún Dunning. Ọ̀gá mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó nu irunmú rẹ̀, ó sì dojú ife dé sórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, òun alára kò mọ̀.

"Ṣé ìwọ náà rí i?" ni Màmá Prewitt bi mí.

Mo rí i. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọ̀kan lára wa ló pa Alvah.

*

Clyde Rumsey ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀. Òun ló ń ta irúgbìn nílùú wa. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Alvah ń kan ẹ̀rọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, àpótí kan tí wọ́n ní ó ń fọ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ yàrá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kàn án. Ó ń dúró de ìwé àṣẹ láti Washington, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí ọgbọ́n rẹ̀. Rumsey ti fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti bú ara wọn dé orí ìyá lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù Alvah, àpótí kò sí níbẹ̀. Eruku ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ kò nípọn tó ti ibi yòókù. Lágbàlá, mo rí ojú ẹsẹ̀ mọ́tò, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín rẹ̀, ibi tí ṣéènì ti wọ́lẹ̀. Gbogbo wa la máa ń so ṣéènì mọ́dìí mọ́tò kí iná inú ìjì, èyí tí eruku tó ń fò máa ń kó sára irin, má bàa pa ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣéènì Rumsey ní ìwọ̀ lẹ́nu. Ilà yìí náà ní ojú ìwọ̀.

"Mo lọ síbẹ̀, mo lọ síbẹ̀!" ni Rumsey pariwo nígbà tí a ká a mọ́ ẹ̀yìn káńtà. Ojú rẹ̀ funfun. "Mo kanlẹ̀kùn, kò dáhùn, mo padà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká kanlẹ̀kùn?"

"Aago mélòó?" ni mo bi í.

"Lẹ́yìn ìjì. Màmá, ẹ bá mi sọ fún un! Aláriwo ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè pa adìyẹ. Ìyàwó mi ló ń bá mi pa á."

Mo ti na ọwọ́ sí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ nígbà tí Màmá Prewitt dì mí mú lápá.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín ọjọ́ méjì, Emmett. Ibo ni ojú ẹsẹ̀ mọ́tò náà wà, lórí eruku àbí lábẹ́ rẹ̀?"

"Lórí ẹ̀, mà."

"Alvah ńkọ́? Eruku wà lórí rẹ̀ àbí kò sí?"

Ó wá yé mi. Èèyàn tí ìjì bò mọ́lẹ̀ ti kú kí ìjì tó dé, ọkùnrin tó wa mọ́tò lórí eruku ìjì sì ti pẹ́ jù. Apààyàn náà ti wá, ó sì ti lọ, ìjì ló bá a pa ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Rumsey fẹ̀yìn ti àpò irúgbìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ohun mìíràn tún wà," ni Màmá wí nígbà tí a jáde. "Ìwé tí Alvah ya ẹ̀rọ náà sí, ó ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Mo ti yọ ọ́, òun ló wà lápò mi yìí. Rumsey ìbá mú ìwé, ìbá fi àpótí sílẹ̀, torí ìwé ni òwò wà. Ẹni tó wá yìí kò fẹ́ ọgbọ́n Alvah, Emmett. Ohun tí àpótí ń ṣe ló fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ tó mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló nílò rẹ̀ débi tó fi lè pààyàn?"

Mo wo òpópónà. Ọmọ mẹ́sàn-án ni eruku ti pa nínú ẹkùn wa láti ìgbà òtútù. Ilé mélòó ni kò sí ọmọ tí àyà ń dùn? Bí ìyẹn bá jẹ́ àmì, gbogbo ìlú ni kí n lọ mú.

*

Aago méjì lù nígbà tí a dé ìdí pátákó tẹlifóònù. Àbúrò Màmá Prewitt obìnrin, tó ń bá a dúró síbẹ̀, dìde fún un. Màmá Prewitt gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, ó sì fún mi ní èkejì.

"Má sọ̀rọ̀ o. Ìwọ ṣáà máa gbọ́."

Ó pe ilé kan, ó ní òun ń yẹ wáyà wò lẹ́yìn ìjì. Obìnrin ilé náà dáhùn, lẹ́yìn rẹ̀ ni mo sì gbọ́ ikọ́ ọmọdé, ikọ́ gbígbẹ tó ń fa àyà ya. Ó pe ilé kejì. Ikọ́. Ẹ̀kẹta, ìkókó ni, ohùn rẹ̀ ti há. Ó pe ilé méje, nínú ilé méjèèje ni mo ti gbọ́ ọ. N kò mọ̀ pé bí ìlú mi ṣe rí nìyẹn. Obìnrin yìí sì ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn.

Ó pe ilé Merle Oakes, tí oko rẹ̀ bá ti Alvah pààlà.

"Nettie, èmi ni. Mo ń yẹ wáyà wò. Báwo ni Junie?"

"Ara rẹ̀ ti balẹ̀, mà. Mo sọ fún dókítà láàárọ̀ pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu." Ohùn Nettie rẹlẹ̀, ó ń yára.

Mo tẹ́tí. Kò sí ikọ́. Ohun kan ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, bí oyin inú ihò igi, kò sì dákẹ́.

Màmá Prewitt fa wáyà náà yọ.

"Ọmọ ọdún mẹ́ta ni," ló wí. "Ní Satidé, ètè rẹ̀ ti dúdú. Dókítà sọ fún Nettie lórí wáyà yìí pé kó máa gbàdúrà. Mo gbọ́ ọ. Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ tí kò wúkọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó mọ̀ pé Alvah ti kú. Inú mi dùn, Emmett. Èmi ni mo kọ́ Merle ní ABD."

"Ẹ jẹ́ ká lọ, mà."

"A máa lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí a máa bá níbẹ̀."

*

Nígbà tí a fi máa dé ọ̀nà oko Oakes, ojú ọ̀run àríwá ti ń dúdú lẹ́ẹ̀kan sí i. Atẹ́gùn dákẹ́. Iná kékeré ń ta pàrà lára wáyà ọgbà.

Merle fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó sanra tẹ́lẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ti ń fò lọ́rùn rẹ̀ báyìí. Kò bi wá léèrè ohun tí a wá ṣe.

"Ẹ káàsán, mà. Emmett."

"Mo fẹ́ rí Junie," ni Màmá Prewitt wí.

Aṣọ tútù ni wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà yàrá. Nígbà tí Nettie gbé e sókè, mo dúró sójú kan. Aṣọ ibùsùn ọmọ náà funfun. Láti ọdún mẹ́ta, n kò tíì rí ohun tó funfun nínú ilé kankan. Junie ń sùn, ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àpótí náà wà ní ìsàlẹ̀ fèrèsé, bátìrì mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kùn. Nettie, nínú aṣọ àpò ìyẹ̀fun olódòdó rẹ̀, dúró sáàárín àwa àti àpótí, ó na apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ má gbé e," ló wí. "Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́. Ẹ má gbé e."

"Nettie, ṣé o mọ ibi tó ti wá?"

"Ó ní Alvah yá òun ni." Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó sì wò ó pẹ́. "Merle?"

Merle jókòó.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́," ló wí. "Mo kúnlẹ̀ fún un ní Sunday, èmi Merle Oakes. Ó ní kí n dìde, ó bu kọfí fún mi. Kò ṣe mí ní ìkà, mà, kí n má parọ́ mọ́ òkú. Ó ní bí ìwé Washington bá ti dé, Junie ni yóò kọ́kọ́ lò ó. Mo bi í pé ìgbà wo ni. Ó ní ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà." Ó fi ọwọ́ pa ojú. "Mo dìde, mo fẹ́ máa lọ. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá ní, 'Ẹ ṣì kéré, Merle. Ẹ ṣì máa bí òmíràn.' Sípánà wà lórí pẹpẹ. Mo fi ọmọlanke ti àpótí wálé. Ìjì bá mi lẹ́nu géètì."

"Kí o tó dìde," ni Màmá bi í, "o mu kọfí rẹ̀ tán?"

"Mo mu ún. Kí ló dé?"

"O dojú ife dé."

Ó wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Ṣé mo dojú rẹ̀ dé?"

"Merle, ọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé tí wọ́n fẹ́ so rọ̀ nítorí rẹ. Ìwọ náà mọ̀."

"Mo gbọ́ lórí wáyà láàárọ̀. Mo sọ fún ara mi pé kò ní ọmọ."

"Ó ní méjì," ni mo wí. Irọ́ ni. N kò bi Pavlik rí. N kò sì tíì kábàámọ̀ irọ́ náà dòní.

Merle dìde. Ó wọ yàrá, ó ti ìka bọ omi inú àpótí náà, ó bu omi kún un. Ó sọ fún Nettie bí yóò ṣe máa yí bátìrì padà. Kò fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó ní ọwọ́ òun ní eruku.

"Ṣé ẹ máa gbé e, mà?"

"Ìwọ ni mo wá mú, Merle. N kò wá mú àpótí."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Nígbà tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kàn án, iná búlúù kan fò láàárín wa, àwa méjèèjì sì yọwọ́ lójijì.

*

Àwọn èrò ti fọ́ fèrèsé àgọ́ ọlọ́pàá nígbà tí a dé. Merle gba àárín wọn kọjá, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìgbé ohùn sókè pé òun lòun pa Alvah. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, ṣùgbọ́n ìka yìí, ìka tiwa ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló mọ Junie. Ẹni tó mú okùn dání bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, ó ń ká a lọ bí ẹni pé ó ní iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ fi ṣe.

Èmi ni mo tú Pavlik sílẹ̀. Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ń bínú, ó sì bi mí bóyá ẹ̀wà yẹn ṣì kù.

Dunning fẹ́ kí n lọ gbé àpótí náà wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mo sọ fún un pé kó lọ gbé e fúnra rẹ̀. Kò lọ. Ìjì ti bo ìdá kan nínú mẹ́rin ojú ọ̀run.

Màmá Prewitt jókòó sídìí pátákó, ó tẹ́ ìwé Alvah síwájú. Ó wá tẹ agogo gígùn kan ṣoṣo, èyí tí a máa ń fi pe gbogbo ilé nígbà tí iná bá ń jó oko. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé tẹlifóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, kìtì, kìtì, kìtì, ikọ́ àwọn ọmọ sì kún etí mi láti gbogbo ìhà ẹkùn.

"Kí gbogbo yín mú pẹ́ńsù," ló wí. "Àpótí Alvah Stroud ni mo fẹ́ kà fún yín. Pátákó mẹ́rin, gígùn ẹsẹ̀ bàtà méjì. Agbada omi kan nísàlẹ̀. Fáànù kékeré, ẹ yọ bátìrì mọ́tò yín, kò ṣáà sí epo tí ẹ fẹ́ fi wà á."

Ó ń kà á lọ. Ilẹ̀ ń ṣú lójú fèrèsé wa, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin kò tíì lù. Ó dé ibi tí aṣọ wà, ó dákẹ́. Mo yọjú wò ó. Alvah kò kọ iye ìlọ́po aṣọ náà síbẹ̀. Ó ti fi í pamọ́ sí orí ara rẹ̀, a sì máa sin orí náà lọ́la.

"Ìyókù kò sí nínú ìwé," ni Màmá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ ọ́n."

Wáyà dákẹ́, àfi ikọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wọlé, ohun kan ń kùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìlọ́po mẹ́rin ni. Àpò ìyẹ̀fun. Ẹ má kì í bọ omi o, etí rẹ̀ nìkan ni kó kàn án, á fa omi sókè fúnra rẹ̀."

"Ta nìyẹn?" ni ọkùnrin kan béèrè.

"Nettie ni. Nettie Oakes."

Eruku àkọ́kọ́ ti ń lu gíláàsì fèrèsé. Mo rò pé wọ́n máa gbé tẹlifóònù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìlọ́po mẹ́rin, Nettie," ni obìnrin kan wí níkẹyìn. "Mo ti kọ ọ́. Máa bá a lọ."